Ẹkún Ọlọ́kọ̀ Oníná

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìmọ̀ràn ni wọ́n fi ṣe fún ọlọ́fọ̀, kí ìbànújẹ́ má baà tì í sí kòtò. Ayé òde òní ti sọ òwe náà di òwò. Ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ oníná mànàmáná ní Yúróòpù pé kí ló dé tó fi rà á. Omijé á kọ́kọ́ lé ròrò sí i lójú: ayé ń gbóná, yìnyín ń yọ́, èéfín ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé jẹ́. Ẹkún náà kì í ṣe irọ́ o. Àmọ́ ojú tó ń sun ún ti ka iye tí ìjọba yọ kúrò lórí ọkọ̀, ó sì ti rí ohun tí aládùúgbò gbé sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká mú Nọ́wè, níbi tí ẹkún yìí ti gbé gbajúmọ̀. Lọ́dún 1989, Morten Harket, olórin ẹgbẹ́ a-ha, àti ẹgbẹ́ ajàfáyìíká Bellona gbé Fiat Panda kékeré kan tí wọ́n ti sọ di oníbátìrì wọ ìlú. Bí wọ́n bá dé tóògéètì, wọn kì í san kọ́bọ̀, wọ́n á wakọ̀ kọjá fẹ̀rẹ̀. Owó ìtanràn ń gorí ara wọn, títí ìjọba fi gba ọkọ̀ náà tí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo. Bellona tún rà á padà, ó tún di ẹnu tóògéètì. Ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ti ja ìjà afẹ́fẹ́ tó mọ́: kì í ṣe inú igbó, kì í ṣe etí òkun. Níbi tí wọ́n ti ń gbowó ni.

Ìjọba gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí yékéyéké. Láti 1990 ni wọ́n ti ń mú owó orí ìrajà kúrò lórí ọkọ̀ oníná. Nígbà tó di 1997, tóògéètì di ọ̀fẹ́. Lọ́dún 2001, VAT, tó jẹ́ 24 nínú 100 nígbà náà, tún lọ. Èyí tó wá dùn jù lẹ́yìn náà ni pé wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ oníná máa gba ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ẹ fojú inú wo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé lọ́nà Asker sí Oslo nígbà náà. Ọlọ́kọ̀ epo jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó ń wo ọkọ̀ tí wọ́n kọ EL sí nọ́ńbà rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo nínú rẹ̀, bó ṣe ń fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Òmíràn tún kọjá. Òmíràn tún kọjá. Kó tó dé ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ yìnyín ti wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Wọ́n pọ̀ débi pé bọ́ọ̀sì tó kó èrò rẹpẹtẹ wá ń tò sẹ́yìn àwọn tó ń dá nìkan gbọ̀n fún ayé. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì figbe ta, ìjọba sì ní láti fún okùn náà le díẹ̀.

Lọ́dún 2024, nǹkan bíi 89 nínú 100 ọkọ̀ tuntun tí wọ́n rà níbẹ̀ ló jẹ́ oníná. Ta ló sanwó gbogbo oore yìí? Owó epo rọ̀bì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Epo tí wọn ò fẹ́ kó rú èéfín ládùúgbò wọn ni wọ́n ń fà lábẹ́ òkun tà fún aráyé. Ilé iṣẹ́ epo Equinor, tí ìjọba wọn ni 67 nínú 100 ìpín rẹ̀, jẹ lára epo Agbami lójú òkun tiwa ní Nàìjíríà níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó ta ìpín tirẹ̀ lọ́dún 2024. Mi ò bú wọn. Ẹni tó ń ta ẹmu tí kò jẹ́ fẹnu kàn án, ọlọ́gbọ́n ọlọ́jà ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tiẹ̀ jẹ́wọ́. Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ ìwádìí CNW bi àwọn tó ra Toyota Prius, tó ń lo epo àti iná pọ̀, léèrè ìdí. 57 nínú 100 ló ní nítorí pé ọkọ̀ náà ń sọ irú ẹni tí àwọn jẹ́ ni. Ní Jámánì, ìjọba dédé fòpin sí owó ìrànwọ́ orí ọkọ̀ oníná ní December 2023. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjà ọkọ̀ oníná já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Yìnyín ò dáwọ́ yíyọ́ dúró o. Ẹlẹ́kún ló nujú.

L'Ékòó, a kì í fi ẹkún da ara wa láàmú. Láti May 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí líta kan kúrò lábẹ́ ₦200, tó sì kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí, ẹni tó bá béèrè ọkọ̀ oníná kì í dárúkọ ojú ọjọ́. Ó ń fi owó iná Band A wé owó epo, ó ń rántí iye ìgbà tí gíríìdì wó lulẹ̀, ó ń wo òrùlé rẹ̀ bóyá yóò gba sólà. Mo gbà á gbọ́ ju ará Oslo lọ. Ohun tó sì ń bi ẹni tó ń tajà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: bátìrì yìí, ta ni yóò tún un ṣe lọ́jà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀? Tòkúnbọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ló ń dé?