Sọ́jà Ra Sìmẹ́ǹtì, Àpápá Ò Gbọ́

Àwọn ará òkè a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ò mọ̀ ju fàájì lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú àwa onífàájì àtàwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ààbò ọdún 1975, ta ló mọ ètò ṣe?

Ẹ̀yin àgbà lẹ ó rántí. Ogun Bìáfúrà ti parí, owó epo ti wọlé, sọ́jà pọ̀ rẹpẹtẹ, wọn ò sì rílé gbé. Ó dáa, ẹ kọ́ bárékè fún wọn. Ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon bá ránṣẹ́ ra sìmẹ́ǹtì lókè òkun, 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lápapọ̀. Iléeṣẹ́ ààbò nìkan ló ni 16 mílíọ̀nù nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sìmẹ́ǹtì tí èbúté Àpápá lè já lọ́dún kan nígbà náà kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ. (Sìmẹ́ǹtì sì ń jáde ní Ewékorò nítòsí ibí látìgbà tá a gbòmìnira o. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.)

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí Àpápá ò bá já ìrẹsì, tí kò já mọ́tò, tí kò já ohunkóhun àfi sìmẹ́ǹtì sọ́jà, ọdún 1991 ni àpò tó kẹ́yìn ì bá tó kúrò nínú ọkọ̀. Ọdún náà gan-an nìjọba àpapọ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́, tó fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Abuja. Àpò ọ̀hún ì bá sọ̀ kalẹ̀, kó máa bi àwọn alábàárù pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá tó rà mí dà?”

Ìwé àdéhùn 109 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀, pẹ̀lú oníṣòwò 68. Àánú ọwọ́ yẹn máa ń ṣe mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún, ṣé kò ro ó ni? Ṣé kò sẹ́nì kankan tó bojú wẹ̀yìn kó bi akọ̀wé pé, “Mélòó la ti rà báyìí?”

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọ̀nà ò jìn. Bánkì àpapọ̀ tí yóò sanwó wà ní Tinubu. Iléeṣẹ́ èbúté wà ní Marina. Dodan Barracks tí Gowon ń gbé, Ìkòyí ni. Ẹlẹ́sẹ̀ lè dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kóòrùn tó mú, kó sì yà jẹ mọ́ínmọ́ín l'Óbàléńdé. Síbẹ̀, ẹni tó ń rajà ò bi ẹni tó ń já ẹrù léèrè nǹkan kan.

Ẹ wá wo Ẹ̀yọ̀ tiwa. Bí Adámú Òrìṣà yóò bá jáde lọ́jọ́ Sátidé, láti Sọ́ńdè tó ṣáájú ni Adímú alákẹtẹ̀ dúdú ti ń gbé ọ̀pá kiri láti kéde ẹ̀. Mọ́ńdè, Làbà alákẹtẹ̀ pupa. Oníkò tẹ̀ lé e, Ológèdè, títí dórí Agẹ̀rẹ̀ ní Tọ́sìdeè, tòun ti àwọ̀ akẹtẹ̀ tirẹ̀. Kílẹ̀ Sátidé tó mọ́, obìnrin tó di ṣùkú ti mọ̀ pé kóun tú u, oníbàtà ti mọ̀ pé kóun bọ́ ọ. Ẹ̀yọ̀ nìyẹn o, tí kò ní ju ọ̀pá lọ́wọ́.

Àwọn tó nìbọn lọ́wọ́ ńkọ́? Wọn ò gbé ọ̀pá dé Àpápá. Ọkọ̀ ló kàn ń yọ. Wọ́n lé ní 400 tó tò sójú òkun Èkó, ọkọ̀ oúnjẹ há sáàárín wọn. Owó ìdádúró ọkọ̀, tí àwọn agẹ́ńtì ń pè ní dìmọ́réèjì, sì ti wà nínú ìwé: dọ́là 3,500 lójúmọ́ fún ọkọ̀ kan. Ta ló rírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣe? Kí n nà gbalaja sínú ọkọ̀, kí n máa dẹ ìwọ̀, kí sọ́jà máa sanwó fún mi! Sìmẹ́ǹtì ní tiẹ̀ ò ní sùúrù. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi mọ bárékè ń di òkúta sínú ọkọ̀.

Ní July 29, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon nígbà tó wà nípàdé ní Kampala. Murtala Muhammed dé, ó sì di August 18 kí àṣẹ iléeṣẹ́ èbúté tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ l'Ékòó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọjọ́ tí yóò dé ránṣẹ́, oṣù méjì kó tó gbéra. Oṣù méjì! Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Adímú ń lò.

Bánkì àpapọ̀ di ẹnu àpò, làwọn oníṣòwò bá forí lé kóòtù: London, Jámánì, New York. Lọ́dún 1977, bánkì wa wí fún Adájọ́ Denning ní London pé ìjọba lòun, ẹnikẹ́ni ò lè pe òun lẹ́jọ́. Denning ní ká lọ fọkàn balẹ̀, ká wá jẹ́jọ́. Nígbà tó di 1983, ọ̀kan nínú ẹjọ́ ọ̀hún ti gòkè dé kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Sìmẹ́ǹtì tí kò ríbi wọ Àpápá, ó ríbi wọ Washington.

Kí n má purọ́, sọ́jà ń gbọ́n. Nígbà tí àwọn ológun òfuurufú ra bàálù Super Tucano 12 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, owó tí wọn ó fi tún ibùdó Kainji ṣe fún un ti wà nínú àdéhùn. Bàálù dé lọ́dún 2021. Ọdún 46 ni ìbéèrè “níbo la ó gbé e sí?” fi rìn láti Àpápá dé Kainji. Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì gan-an yá jù ú lọ.