Ẹ̀gbọ́n Mi, Erékùṣù Wo? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Ìbejì ní Enugu

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Bàbá Ìbejì,

Mo kí Ìyá Ìbejì, mo kí Màámi, mo kí àwọn ìbejì àti Ìdòwú tó tẹ̀ lé wọn. Ẹ kú ètò, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìrìnàjò tí kò tíì ní ibi tó ń lọ. Gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, nítorí èyí tí mo bá fi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, ẹ kì í kà á dópin. Àtàǹpàkò tó dúró ṣánṣán ni ẹ fi ń dá mi lóhùn. Bí gbogbo ayé bá ti kà á, bóyá ẹnìkan á bá mi kà á sí yín létí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ẹ kọ ọ́ sójú WhatsApp ẹbí pé lọ́jọ́ Ajé ìsinmi tó ń bọ̀, gbogbo wa pátá, tọmọdé tàgbà, yóò gbéra lọ sí erékùṣù kan nítòsí. Ẹ ní a ó gbafẹ́, a ó jẹ, a ó mu, a ó sì ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ní kí kálukú dá owó. Ẹ kò dárúkọ erékùṣù náà. Mo ní kí n mú sùúrù, pé ẹ ó dárúkọ rẹ̀ láìpẹ́. Dípò orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì lẹ fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, Enugu lẹ ń gbé, ìlú ẹsẹ̀ òkè, ìlú èédú. Omi tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí gan-an, táńkà ló gbé e wá. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ: ilẹ̀ abẹ́ ìgboro Enugu kì í sun omi bọ̀rọ̀. Orí òkè lọ́hùn-ún, ní 9th Mile, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyanrìn, ni omi fi ṣe ibùgbé. Ìdí rèé tí àwọn ilé iṣẹ́ bíà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fi kó ara wọn jọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn táńkà ti ń pọn omi sọ̀ kalẹ̀ wá tà fún yín. Nígbà tí Gómìnà Peter Mbah ń polongo ìbò, omi ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ 180 wà lára ìlérí tó kọ́kọ́ dun àwọn ará ìlú mọ́ etí, ó sì gorí àlééfà ní 2023. Ẹni tó ń ka gárawa omi kó tó wẹ̀, ilẹ̀ tí omi yí ká ló wá ń wá gẹ́gẹ́ bí ibi tó wà nítòsí! Mo rẹ́rìn-ín títí Ìyàwó mi fi bi mí pé ta ló kú tó fi ogún sílẹ̀ fún mi.

Ohun tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èmi pẹ̀lú yín la jọ gbé Èkó. Gbogbo ọdún tí ẹ fi wà ní Súrùlérè, tí ẹ ń gba orí Third Mainland Bridge lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí ẹ ń gbà á bọ̀ lálẹ́, erékùṣù ni ẹ ń lọ, erékùṣù ni ẹ sì ń bú. Ẹ kò fi ọjọ́ kan wọ ọkọ̀ ojú omi dé Tarkwa Bay. Ẹ kò dé Ìlàṣẹ. A dé Badagry, gbogbo wa sọdá ọ̀sà lọ síbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́, ẹ ní oòrùn ti pọ̀ jù, ẹ jókòó ti ẹni tó ń ta àgbọn ní èbúté. Ó di ìgbà tí iṣẹ́ gbé yín dé ibi tí kò sí òkun kí òkun ó tó máa pè yín lójú oorun.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ẹ ní ibì kan lọ́kàn. Ẹnìkan sọ fún mi pé Bonny ni. Bonny dára, èmi kò jiyàn. Ìlú àtayébáyé ni, ibẹ̀ ni Jaja ti kúrò ní 1869 kó tó lọ tẹ Opobo dó, ibẹ̀ ni gáàsì tí wọ́n sọ di olómi ti ń lọ sókè òkun láti 1999, igbó àbójútó Finima sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wo ẹranko àti ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé àti bírò. Láti Enugu dé Port Harcourt lé ní 200 kìlómítà, ẹ ó kọjá Okigwe, ẹ ó kọjá Umuahia, ẹ ó kọjá Aba, ẹ ó sì kí gbogbo ọlọ́pàá àti ṣọ́jà tó wà láàárín wọn. Bí ẹ bá dé Port Harcourt, ẹ ó wá èbúté lọ, ẹ ó dúró kí ọkọ̀ ojú omi kún, ẹ ó sì lo bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú omi. Bí a bá kúrò nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí Ọlọ́run ṣe é tí táyà kò fọ́, ọ̀sán gangan la ó fẹsẹ̀ tẹ Bonny. Ìgbà yẹn gan-an ló sì yẹ ká kọjú sílé bí a kò bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa lọ́nà. Ìyẹn ni pé a ó rin wákàtí bíi méjìlá nítorí ká lè fi ojú kan etí omi, ká sì sọ fún un pé ó dàbọ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀nà Enugu sí òkun jẹ́ ohun tuntun. Nígbà tí àwọn òyìnbó rí èédú lábẹ́ ilẹ̀ Udi ní 1909, òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ronú kàn. Nítorí èédú yìí ni wọ́n ṣe wá ibi tí ọkọ̀ òkun lè gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ló di Port Harcourt, wọ́n sì la ojú irin láti ibẹ̀ dé Enugu ní 1916. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, èédú Enugu ti ń lọ wo òkun kí wọ́n tó bí bàbá wa. Ṣùgbọ́n èédú kì í gbé kúlà ìrẹsì dání, kì í béèrè ilé ìtura lójú ọ̀nà, kò sì sọ pé òun gbọ́dọ̀ padà sílé kó tó di aago méje alẹ́.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther náà, ọmọ Òṣoògùn, gba ojú omi dé Onitsha ní 1857. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Dayspring ni wọ́n wà. Wọ́n ń tẹ̀ síwájú lọ lórí odò Ọya nígbà tí ọkọ̀ náà forí sọ àpáta ní agbègbè Jẹ́bà lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n sì fi bí ọdún kan gbáko jókòó sí àdúgbò yẹn kí ọkọ̀ mìíràn tó wá kó wọn. Ẹ jọ̀wọ́, Ìdòwú ní ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ẹ mú náà tún wà níbẹ̀. Nínú ọjọ́ méje tí Ọlọ́run dá, ọjọ́ Ajé lẹ rí mú ní ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn! Láti oṣù Kẹjọ 2021 ni ọ̀rọ̀ ẹ jókòó sílé lọ́jọ́ Ajé ti wọ gbogbo agbègbè yẹn. Lóòótọ́, gómìnà yín ti ní kí àwọn ará Enugu máa ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn, ìlú sì ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí yóò gbé ìyá arúgbó àti ọmọ wẹ́wẹ́ gba ìpínlẹ̀ mẹ́ta kọjá lọ́jọ́ Ajé, owó tí yóò béèrè á kọjá owó ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ nínú owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tó ń fi epo ṣeré mọ́.

Mo wá bi àwọn tó yẹ kí ẹ bi. Mo pe Ìyá Ìbejì. Mo ní, "Aya wa, kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ erékùṣù yìí?" Ó ní erékùṣù wo. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹni tí yóò jí ní aago mẹ́ta òru se ìrẹsì, dín ẹran, di aṣọ ìpààrọ̀ ọmọ, wá oògùn orúnkún Màámi, kò tíì gbọ́! Màámi ní kò sí ibi tí òun kò lè lọ, kí a ṣáà má ní kí òun gun ọkọ̀ ojú omi, nítorí kò sí ohun tí òun gbàgbé sínú omi. Àwọn ìbejì ní ibi tí wọ́n ti lè wẹ̀ làwọn ń fẹ́. Ìdòwú ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dáa. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó dárúkọ erékùṣù. Ẹ̀yin nìkan ni omi ń pè.

Mi ò wá bú yín kí n sì máa lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹbí jáde fún ọjọ́ kan péré, Enugu kò fi ibi ìgbafẹ́ dù yín, àfi pé òkè ni kí ẹ gùn. Ẹ gba ọ̀nà àtijọ́, ọ̀nà Milken Hill, ọ̀nà tó ń lọ́ bí ejò lára òkè. Bí ẹ bá dé agbègbè Iva Valley, ẹ dẹ ìrìn ọkọ̀, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé níbí yìí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn fún àwọn awakùsà tó ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn, mọ́kànlélógún sì kú. Ọ̀rọ̀ náà mì gbogbo Nàìjíríà, ó sì fi igi sí iná ìjà òmìnira. Ọmọ tó bá ń gbé Enugu tí kò mọ èyí, a kò tíì mú un jáde.

Lẹ́yìn náà, Ngwo. Igbó igi páìnì wà níbẹ̀, igi gíga tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, abẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì mọ́. Ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún Màámi, kí ẹ gbé kúlà tì í. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì lágbára, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ihò àpáta tó wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti òkè sínú ihò náà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, nítorí ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ náà ń yọ̀. Àwọn ìbejì á rí omi, àpáta á sì gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Ìdòwú fún wákàtí kan.

Bí Ngwo kò bá tó yín, Awhum wà ní Udi, lẹ́bàá ilé àwọn mọ́ǹkì Kátólíìkì. Inú odò kékeré kan lẹ ó máa gbà lọ, omi á mù yín dé kókósẹ̀, ògiri àpáta á dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí ẹ ó fi dé ibi tí omi ti ń tú sílẹ̀ láti òkè. Àwọn onígbàgbọ́ ka omi náà sí mímọ́, wọ́n ń bu ú sínú ìgò lọ sílé. Ẹ má gbé gárawa lọ o, mo mọ̀ yín.

Bí ó bá sì jẹ́ pé omi ńlá gan-an ni ẹ̀mí yín ń fẹ́, ẹ lọ sí adágún Oguta ní Ìpínlẹ̀ Imo. Ó jìnnà ju Ngwo lọ púpọ̀, àárọ̀ kùtùkùtù lẹ gbọ́dọ̀ kúrò nílé, ṣùgbọ́n èèyàn lè lọ kó bọ̀. Ọmọ ìlú yẹn ni Flora Nwapa tó kọ Efuru ní 1966, òrìṣà obìnrin tó ni adágún náà ló sì wà nídìí ìtàn inú ìwé ọ̀hún. Ẹ ra ìwé náà fún Táíwò kí ẹ tó lọ. Onítọ̀hún ló ń kàwé nínú ilé yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ gbé ọmọ sínú ọkọ̀ ojú omi, bó ti wù kí omi náà parọ́rọ́ tó, bí ẹ kò bá rí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ má wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá 2022, nígbà tí odò Ọya kún àkúnya, ọkọ̀ ojú omi kan dànù ní Ogbaru ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ẹ̀mí 76 ló sì bá a lọ. Ọkọ̀ tó kún jù, omi tó ń ru, àìsí ẹ̀wù: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kú. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ kan fi "kò jìnnà" tàn yín. Kí ẹ sì má lọ ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá rárá.

Ìdájọ́ mi rèé, ẹ̀gbọ́n mi. Wákàtí ni a fi ń wọn ìjáde ọlọ́jọ́ kan, a kì í fi ẹnu wọ̀n ọ́n. Ibi tí ẹ bá lò ju wákàtí mẹ́ta lọ kí ẹ tó dé, ẹ sùn síbẹ̀, tàbí kí ẹ má lọ. Bonny yẹ ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá ibi ìsinmi, kí ẹ jẹ ẹja tútù, kí Ìyá Ìbejì náà rí ibi jókòó sí kí ẹlòmíràn se oúnjẹ fún un. Ìgbà náà, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ dá owó. Ní báyìí, owó ọkpa gbígbóná ní 9th Mile ni mo ní lọ́wọ́, ó sì tó gbogbo wa jẹ yó.

Ẹ yí ọjọ́ náà sí Sátidé. Ẹ kọ orúkọ ibi tí à ń lọ. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ sí ilé ìdáná, kí ẹ bi Ìyá Ìbejì bóyá ọjọ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ẹ sì bá a gé àlùbọ́sà bí ẹ ti ń bi í. Bó bá ti fọwọ́ sí i, èmi náà ti fọwọ́ sí i.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì sanwó.