Orin Tí Odídẹ Dá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí, òun àti Odídẹ tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀.

Ọdún kan wà tí ọ̀dá dá ẹranko. Iṣu tuntun kò tíì jáde, ti èṣín sì ti tán lábà. Ìjàpá bá ta àtíbàbà kan sẹ́nu ọjà, ó so pátákó mọ́ ọn lórí: OWÓ KÍÁKÍÁ. KÒ SÍ ONÍDÙÚRÓ. ÀṢÍRÍ YÍN, Ẹ̀MÍ WA. Kò sí ẹranko tí kò mọ̀ pé Ìjàpá kò ní kọ́bọ̀, ó sì yẹ kí ẹnìkan béèrè ibi tí owó ti wá. Ṣùgbọ́n ebi ti wọnú wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn kò ríbi wọ̀.

Ehoro ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ìkómọ ku ọ̀la. Ìjàpá ní òun yóò yá a ní igba owó ẹyọ, ó wá ka àádọ́jọ lé e lọ́wọ́. Ehoro ní àádọ́ta ńkọ́? Ìjàpá ní owó iṣẹ́ nìyẹn. Ó ní ọjọ́ méje òní, igba géérégé ni kó dá padà, kó sì fi ogójì lé e.

"Kí ni kí n wá fi dógò?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ń béèrè ìdógò láyé ọ̀làjú? Kí Odídẹ ṣáà fojú kan inú àpò rẹ lásán."

Inú àpò yẹn ni Ehoro kó orúkọ gbogbo ẹni tó mọ̀ sí, àti ọ̀nà ilé wọn: àna rẹ̀, Àgbò tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, títí dórí Adìẹ tí Ehoro ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìjàpá tẹ́ ìwé àdéhùn sílẹ̀, ó gùn dé etí odò. Ehoro ka ìlà kan, ó wo oòrùn, ó tẹ̀ka. Ẹ má bú u. Ìgbà wo lẹ̀yin ka tiyín tán kẹ́yìn?

Odídẹ ki orí bọ àpò. Kò mú nǹkan kan jáde, ó ṣáà ń mi orí, ó ń kọ́ ọ sórí. Ehoro gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá. Ó wúwo bó ṣe wúwo tẹ́lẹ̀, ló bá gbà pé nǹkan kan kò sọnù.

Ọjọ́ keje pé, owó kò pé. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ kò tíì mọ́ tán tí Odídẹ fi bà lé igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà àna Ehoro:

Lílé: Ehoro jẹ wá lówó o
Ègbè: Jáńjálá, ó sá lọ
Lílé: Igba owó ẹyọ ni
Ègbè: Jáńjálá, ó sá lọ
Lílé: Àna rẹ̀, ẹ bá wa mú un
Ègbè: Jáńjálá, ó sá lọ
Lílé: Olè ni, ẹ yà fún un o
Ègbè: Jáńjálá, ó sá lọ

Orin náà dùn. Kí Odídẹ tó dé igi kejì, àwọn ọmọ Ọ̀bọ ti ń gbè é. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ Àgbò, gbogbo ọjà ti gbà á, àwọn aláta ń fi orógùn lu ìkòkò sí i. Ẹ̀yin náà gbè é dáadáa, mo gbọ́ ohùn yín.

Láyé àwọn baba wa, ológò wà. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó á bẹ ológò, ológò á lọ jókòó tì í nílé, á máa pariwo, á máa mú adìẹ tó bá rí jẹ, títí owó yóò fi jáde. Ìwà ipá ni, n kò yìn ín. Ṣùgbọ́n ológò mọ agbo ilé tó ń lọ. Odídẹ Ìjàpá ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò yá kọ́bọ̀.

Oṣù kan kò pé sí i, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé ọmọ Adìẹ mẹ́ta lóru. Kò wá ilé kiri, kò ṣi ilẹ̀kùn kàn. Ibi tí Adìẹ ń sùn gan-an ló gbà wọlé. Adìẹ sunkún dé ààfin Kìnnìún: "Kábíyèsí, mi ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ta ló júwe ilé mi?"

Wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé Ìjàpá ti ń ta ohun tí Odídẹ kọ́ sórí, orúkọ kan, owó ẹyọ kan. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, Ehoro tẹ̀ka."

"Ehoro tẹ̀ka," ni Kìnnìún wí. "Adìẹ ńkọ́?"

Ìjàpá wo Odídẹ. Odídẹ tó mọ gbogbo nǹkan í sọ kò rí ti Adìẹ sọ.

Ológbò, tó ń gbé lọ́dọ̀ ènìyàn n'Íkẹjà, ló dìde jẹ́rìí. Ó ní àwọn ènìyàn náà ti rí irú èyí. Ó ní ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù kan, torí pé ó ń ránṣẹ́ ìtìjú sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù onígbèsè. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ojú òun báyìí ni àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì irú wọn n'Íkẹjà. Ó ní láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google kò gbà kí áàpù ayánilówó tọwọ́ bọ nọ́ńbà àti fọ́tò ẹni mọ́, oṣù tó tẹ̀ lé e sì ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò dátà.

"Ṣé wọ́n wá ṣíwọ́?" Kìnnìún béèrè.

Ológbò lá ọwọ́ rẹ̀.

Kìnnìún bu ìtanràn agbọ̀n iṣu mẹ́wàá lé Ìjàpá, ó ní kí wọ́n wó àtíbàbà. Ìjàpá san án lójú ẹsẹ̀, èyí tó yẹ kó fu wọ́n lára. Wọ́n ní kí Odídẹ gbàgbé gbogbo ohun tó rí nínú àpò. Odídẹ bẹ̀bẹ̀ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan," ni Kìnnìún wí. "Odídẹ nìkan ló lé orin. Àwọn wo ló gbè é?"

Ilé pa rọ́rọ́. Ọ̀bọ ń yẹ èékánná rẹ̀ wò. Àgbò, tó ti lé Ehoro kúrò níbi iṣẹ́, ń wúkọ́ bí ẹni tí koríko há lọ́fun.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àtíbàbà tuntun ti yọ ní ìpẹ̀kun ọjà kejì: ALÁBAHUN ÀTI ỌMỌ. OWÓ WÀRÀWÀRÀ. Ẹyẹ kan wà lórí òrùlé rẹ̀, ìrù rẹ̀ pupa. Àtọjọ́ náà ni etí Ehoro ti gùn, ó ń fi ṣọ́ orin yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lórí fóònù yín lálẹ́ òní, tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn dá a, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbè é.