Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọkọ Mi Akọ̀wé ní Houston

Ọkọ mi Akọ̀wé,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìmínì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ti ń dùn mí, tí mo sì jù yín lọ dáadáa. Ìyàwó ilé ni mí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ọjọ́ tí mo wọlé yín lẹ ti di ọkọ mi, nígbà tí ẹ ò tíì lè dá wẹ̀.

Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí ti dé. Ẹ ní kí àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní Ìmínì, Ìlọrà àti Fìdítì máa jó, pé àwọn dókítà kì í fi ayùn la àyà mọ́ kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀. Ìyá yín dìde, wọ́n jó dáadáa. Ìgbà tí wọ́n jókòó tán ni wọ́n tó bi mí pé, "Ẹ̀rọ wo?"

Bí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ṣe di olùkọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ìyá, bíi sumo inú kànga ni. Wọ́n á rì í bọ ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, á máa fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, á máa tì í sínú iṣan ńlá tó ń pín in káàkiri ara." Ní Houston yín níbẹ̀, lọ́dún 1966, oníṣẹ́ abẹ Michael DeBakey fi irú rẹ̀ kan ran obìnrin kan lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá títí ọkàn rẹ̀ fi bọ̀ sípò. Ìta ara ni tìgbà náà wà. Inú àyà ni ẹ̀rọ òde òní tí wọ́n ń pè ní HeartMate 3 ń gbé.

Òótọ́ ń bẹ nínú ohun tí ẹ sọ nípa ojú abẹ. Lọ́nà àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò, ayùn á la egungun àyà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní báyìí, wọ́n lè gba àárín egungun ìhà òsì, lábẹ́ ọmú, fi ẹ̀rọ wọlé, kí wọ́n sì la díẹ̀ péré lókè egungun àyà láti so ó mọ́ iṣan ńlá. Jan Schmitto àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hannover, ní Jámánì, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú ọ̀nà ìhà bẹ́ẹ̀ fún HVAD, ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́, ní 2018, àti fún HeartMate 3 ní 2020. Ẹ kàn gbàgbé láti sọ fún wa pé wọ́n ti dáwọ́ títa HVAD dúró ní 2021. Lára ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé bó bá kú, nígbà mìíràn kì í fẹ́ jí.

Mi ò bá yín jà lórí ojú abẹ kékeré o. Mo ti rí aláìsàn tó gba gbogbo oògùn tá a fún un, tó gbọ́ "a máa la àyà yín", tó wọ bàtà, tó di ọ̀dọ̀ alágbo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dúró gbọ́ tiyín.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wáyà kan ń ti ikùn onítọ̀hún jáde lọ sára bátìrì méjì tó gbé kọ́ra. Bí wọ́n bá kún, wọ́n lè lo wákàtí 17. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń sọ pé, "Bí iná bá dé, ẹ jí mi." Ẹni tí ẹ̀rọ ń bẹ láyà rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kó sùn. Á tún máa lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò lemọ́lemọ́. Bó bá wá dákú sẹ́nu ọ̀nà mi, tí mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo lè má gbọ́ kí ohunkóhun lù, torí ẹ̀rọ náà kì í lù bí ọkàn, ńṣe ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ láìdúró. Kí n tó rántí ohùn yín, mo ti ké ìbòsí, wọ́n ti ń wá pósí!

Akọ̀wé, àwọn dókítà ṣàkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, láàárín 2009 sí 2010. Nínú mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́jọ tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì tíì darúgbó. Ohun tí à bá ti fi aṣọ ẹ̀rọ ìwọn-ẹ̀jẹ̀-ríru wé apá mọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mú abẹ, kékeré ni tàbí ńlá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dún, ẹ kó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, èyí tó ń lo bátìrì kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Fìdítì. Ẹ mú èyí tí aṣọ rẹ̀ fẹ̀. Apá àwa ìyàwó ilé yìí kì í ṣe kékeré. Apá yín ni màá sì kọ́kọ́ wé e mọ́. Ẹ máa ní kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ fún mi náà nìyẹn.

Èmi ìyàwó yín àgbà,
Ìmínì.