Sí Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Wá Máa Gbọ́ Ẹ̀dùn Ọkàn Wa Tà

Dókítà Ọkàn,

A gbọ́ pé o ti kẹ́kọ̀ọ́ tán, pé o fẹ́ wá gba yàrá kan ní Òde Mahin, kí o gbé àga onítìmùtìmù méjì síbẹ̀, kí o máa gbọ́ tẹnu ènìyàn ní wákàtí-wákàtí, kí wọ́n sì máa sanwó. Ìyá rẹ kò jẹ́ kí etí wa sinmi.

Àwọn ará ibí bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rẹ létí omi. "Tí a bá sọ tán, ṣé yóò fún wa lóògùn?" Mo ní rárá. "Yóò gbàdúrà?" Rárá. "Yóò sọ ohun tí a ó ṣe?" Mo ní ìyẹn gan-an ni kò níí ṣe. Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. "Kí wá lowó náà wà fún?"

Má bínú sí wọn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀gá rẹ, Carl Rogers ará Amẹ́ríkà: pé ẹni tó ni ẹ̀dùn ló mọ ibi tó ń dùn ún; pé kí olùtọ́jú má ṣe ojú ayé sí i, kí ó gbà á bó ṣe wà, kí ó sì gbìyànjú láti fojú tirẹ̀ wo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó rọrùn, àbí? Wò ó: ẹnì kan ní "ọkàn mi wúwo" níbí. Kó tó mí, ẹnì kan ti ní kó ṣọkàn gírí, ẹnì kejì ti ń sọ ti àbúrò bàbá rẹ̀ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kẹta ti dárúkọ wòlíì. Pẹ̀lẹ́ wa pọ̀, òun náà la sì fi ń pani lẹ́nu mọ́. Mo gbà pé iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣe é. Lọ jókòó ti ìyá tó ń hun ẹní. Ọmọbìnrin kan wá ń bá a to koríko, ó ń sọ ti ọkọ rẹ̀. Ìyá kò gbójú sókè. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní: "Ó wá dákẹ́ sí ọ bẹ́ẹ̀?" Kò fi nǹkan kan kún un. Ọmọ náà tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó mẹ́nu ba èyí tó fò kọjá tẹ́lẹ̀. Rogers máa ń gba ohùn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá yìí kò gba ohùn, kò sì gba kọ́bọ̀. Òun lo fẹ́ wá bá du oníbàárà.

Yàrá yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. Ní 1954, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn Aro tán ní Abẹ́òkúta, Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, kò dúró de bíríkìlà. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé àyíká sọ̀rọ̀, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, ìbátan kan á sì tẹ̀lé aláìsàn wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n á lọ gba ìtọ́jú. Tó bá yá, wọ́n á padà sáàárín ewúrẹ́ àti ọmọdé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó gboyè ìṣègùn ní Birmingham nìyẹn o, kì í ṣe pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá rẹ pàápàá jáde ní yàrá. Ní 1982, lẹ́ni ọdún 80, ó wà ní Gúúsù Áfíríkà, ó mú dúdú àti funfun jókòó kí wọ́n sọ tinú wọn síra wọn lójú, nígbà tí apartheid ṣì ń jà ràn-ìn. Níbí ńkọ́? Ìjà àwa Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ́ Arógbò ní 1998 àti 1999 jó abúlé, ó sọ obìnrin di opó níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí ìpàdé àlàáfíà bá dé, ọba àti olóyè la sábà máa ń pè. Ta ni yóò pe opó tìhín àti opó tọ̀hún jókòó? Iṣẹ́ nìyẹn, Dókítà. Kò gba tìmùtìmù.

Bí ará Ayétòrò tí òkun gbé ilé rẹ̀ lọ bá sì wá ní oorun kò kùn òun mọ́, gbọ́ ọ tán, kí o wọ bàtà. Ilé ni kò ní. Ẹ jọ lọ sí káńsù ní Ìgbòkòdá, kí o bá a sọ ohun tí o gbọ́ níwájú àwọn tó ń ṣèlérí, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ẹ kì í tú àṣírí.

Máa bọ̀ ṣá. Ìyá rẹ ti ra pupuru sílẹ̀. Ohun kan péré ló kù: ní Kérésì tó kọjá tí o wá ń ṣàlàyé fún wa bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ títí epo jẹnẹrétọ̀ fi tán, ẹnikẹ́ni kò ráyè sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ