Ìmísí Lórí Olúmọ

Ojú ewé mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí n kọ. Ìjọ wa fẹ́ ṣe àjọ̀dún, ìwé ètò ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ọ̀rọ̀ ìṣáájú alùfáà nìkan ló kù. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fún mi. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, a máa pè mí láràárọ̀: "Bàbá, ibo la dé?" Èmi náà á dáhùn pé, "Ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, sà." Irọ́ ni. Fáànù ló ń ṣiṣẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì máa ń sùn sí.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo sọ fún ìyàwó mi pé inú ilé yìí ni kò jẹ́ kí ìmísí rí ọ̀nà wọlé. Ó wò mí, kò fèsì. Mo mú ìwé àti bírò, ó di Aké, ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́, ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ní Nàìjíríà. Èrò mi ni pé bí mo bá jókòó síbi tí àwọn baba ìgbàgbọ́ jókòó sí, ohun tó bà lé wọn á bà lé mi.

Àwọn ọmọ iléèwé ló bà lé mi. Tíṣà wọn rí kọ́là ọrùn mi, ó ní, "Ẹ dákun sà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀." Ta ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó sọ̀rọ̀! Mo ní Abẹ́òkúta yìí ni Àjàyí Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25 tí àwọn akónilẹ́rú ti kó o ní Òṣoògùn. Gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Orí mi wú, mo bá fi kún un pé Crowther yìí kan náà ló dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Townsend ni. Ní 1859."

Mo ní mo mọ̀, mo fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ń tẹ́tí ni. Irọ́ kejì nìyẹn, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà ò sì tíì ṣe tán: ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ẹ gbọ́ ná: òyìnbó ń fi èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ gbé ìwé ìròyìn jáde, ó tún ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èmi tí wọ́n fi láfún tọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ojú ewé mẹ́ta di òkè ńlá. Mo kó ìwé mi, mo yọ́ jáde.

Láfún náà ló tún ba tèmi jẹ́. Mo yà ní Ìtókù, mo fi ewédú jẹ ẹ́ dé gọ̀ngọ̀, kí n tó kọrí sí àpáta Olúmọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè hàn mí, mo kọ̀ ọ́. Mo ní Ṣódẹkẹ́ àtàwọn èèyàn rẹ̀ tó sá wá síbí ní 1830 kò gun ẹ̀rọ. Mo gbàgbé pé ogun ló ń lé àwọn yẹn. Èmi, oúnjẹ ló ń fà mí sẹ́yìn.

Mo ṣáà dé òkè. Ìlú tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ọ̀rọ̀ sọ sí mi lọ́kàn wàrà! Mo wá bírò, ó ti jábọ́ lọ́nà. Mo fa fóònù yọ, kí n gba ohùn mi sílẹ̀ fún akọ̀wé lórí WhatsApp. Mo sọ gbólóhùn méjì tó dùn bí oyin, mímí mi ń lọ hélehèle. Mo rò pé mo ti pa á. N ò pa á. Ó gba bí mo ṣe ń ná ẹ̀pà. Ó gba bí mo ṣe jókòó ti bàbá kan tí n kò mọ̀ rí, tí mo ní, "Ẹ wò ó, èyí tí mo kọ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ni mo tún kó fún wọn léṣìí. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Gúrúùpù gbogbo ìjọ ni mo sì fi í ránṣẹ́ sí, kì í ṣe akọ̀wé.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀. Àwọn yẹn ò gbọ́ ọ. Ìyá Ìjọ gbọ́ ọ ní tiẹ̀: ó ní ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti ń gbọ́ ìwàásù mi, èyí ni àkọ́kọ́ tí òun gbọ́ parí láìtòògbé.

Akọ̀wé pè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. A mọ̀ látèṣí. Déètì nìkan lẹ yí padà. Ẹ ṣì ń kí alága wa àtijọ́ pé kó má jẹ́ kó rẹ òun, bẹ́ẹ̀ a ti sin ín láti ọdún méjì ṣáájú."

Ẹnu mi wọhò.

"Ojú ewé mẹ́ta náà ńkọ́?"

"Kò tíì sí, sà."

"Ó dáa. Àárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má gun nǹkan kan mọ́."