Ọ̀gbẹ́ni A-Ti-Sanwó

Ẹ mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹbí tí kò ní in. Houston ni tiwa yìí ń gbé, ó bí ọmọ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti bí àbíkẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ayé lórí fóònù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí a fẹ́ wọ̀ láti Galveston lọ sí Cozumel, pẹ̀lú kòrónà tó wà níta yìí, ṣé ká lọ ni àbí ká jókòó?”

Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Láti ọdún tó kọjá ló ti sanwó, nígbà tí wọ́n dín owó kù, wọ́n sì kọ ọ́ sára ìwé rẹ̀ pé owó náà kì í padà. Ẹlẹ́rìí ló ń wá, kì í ṣe olùdámọ̀ràn. Bí ẹ bá ní kó lọ, yóò máa dárúkọ yín káàkiri: “Ẹ̀gbọ́n wa ní Dallas náà fọwọ́ sí i.” Bí ẹ bá ní kó má lọ, á ní “Ẹ ṣé o, sà,” á sì pe ẹlòmíràn. Pásítọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bi òun ní nǹkan kan. Wọ́n ní kó bá àwọn gbàdúrà ìrìn àjò, ó gbà á, ó ṣe àmín. Bó ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó ní kí wọ́n lọ nìyẹn.

Ìṣirò rẹ̀ ló dùn jù. Ìyàwó rẹ̀ rán an létí Diamond Princess, ọkọ̀ tí wọ́n há mọ́ èbúté Yokohama ní Japan lóṣù kejì. Èèyàn 3,711 ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó kó àrùn náà sì lé ní 700. “Ìyá Táyọ̀, àwọn bí 3,000 tí nǹkan kan ò ṣe ńkọ́? Kí ló dé táwọn oníròyìn ò fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò?” Lóṣù kejì yẹn, púpọ̀ nínú wọn kàn ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá sẹ́nu ọ̀nà ni, torí wọ́n ti wọ́n mọ́ yàrá, yàrá àwọn kan ò sì ní fèrèsé. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yìí san owó rẹ̀ fún gbogbo ilé. Òun ló pọ́ọ́kú.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 6 oṣù kẹta, ọkọ̀ mìíràn, Grand Princess, ti wà lójú òkun California tí wọn ò jẹ́ kó wọ èbúté. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi gbé ohun èlò àyẹ̀wò lọ bá a. Nínú èèyàn 46 tí wọ́n yẹ̀ wò, 21 ló ní kòrónà. Ọ̀gbẹ́ni wa ka ìròyìn náà dé ìdí, inú rẹ̀ dùn: òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni 19 nínú wọn. “Ẹ ò rí i? Kì í ṣe àwọn èrò!” Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ni yóò máa bu oúnjẹ fún wọn lójú omi. Ó ní gbogbo nǹkan ni nọ́ọ̀sì fi ń rí àrùn.

Lọ́jọ́ 8, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kí aráàlú má wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́, pàápàá àwọn tó ní àìsàn lára. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú bíi lọ́yà: “pàápàá” ni wọ́n wí, wọn ò dárúkọ wa. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 74, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi omi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Màámi yìí náà sì ni àwáwí tó fẹ̀yìn tì jù. “Nítorí tiyín ni o, Màámi, kẹ́ ẹ lè gbafẹ́ lórí omi.”

“Àkànní, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Omi wo ni n ò rí rí?”

Ó sọ fún gbogbo ẹbí pé Màámi ò kọ̀ ọ́.

Mi ò fi gbogbo ẹnu bá a wí ṣá o. Owó iṣẹ́ òru ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó kọ “kì í padà” sára ìwé. Etí ẹni tó ti sanwó kì í gbọ́ ìkìlọ̀ bíi tẹni tí kò tíì san.

Lọ́jọ́ 13, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá fúnra wọn dá ìrìn àjò dúró. Lọ́jọ́ kejì, CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fi òfin dè é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti wà lórí wáàsáàpù ẹbí: lẹ́yìn àdúrà àti àròjinlẹ̀, òun gẹ́gẹ́ bí olórí ilé ti wọ́gi lé ìrìn àjò náà nítorí ìlera Màámi. Wọ́n rọ̀jò àdúrà lé e lórí. Ìyàwó rẹ̀ ò fèsì. Ó ń múra iṣẹ́ òru.

Ilé iṣẹ́ náà ní kó yàn: kó gba owó rẹ̀, tàbí kó fi í sílẹ̀ de ìrìn àjò mìíràn, kí àwọn bù díẹ̀ lé e. Ó yan èyí tí wọ́n bù lé. Oṣù keje ọdún 2021 ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó tún kó èrò gbéra ní Galveston. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, tí ẹ̀yà kòrónà tí wọ́n ń pè ní Omicron ń jà, CDC ní kí gbogbo ènìyàn yẹra fún un, títí kan àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó ti mú ọjọ́ nígbà náà.

Bó bá kàn yín, ẹ má bá a jiyàn lórí kòrónà rárá. Ẹ bi í ní iye tó san, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó pe ilé iṣẹ́ náà lójú yín, kó béèrè owó rẹ̀.